Ọkọ Mi Kò Sí Nínú Fídíò Yìgì Wa

Hamdalah ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Yábàá, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o ń jẹun lásìkò? Ọlọ́run tó ní kí èmi ìyá rẹ tún wọ aṣọ ìyàwó lẹ́ni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta yóò fún ìwọ náà ní tìrẹ, kò ní pẹ́ tó tèmi. A wà dáadáa ní Ìjẹ̀gùn. Ọ̀nà ò tíì dára, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé Bàbá Wàsíù ọkọ mi, mi ò rí kòtò mọ́, ẹ̀rín ni mò ń rín lórí ọ̀kadà títí ọlọ́kadà fi bi mí pé màmá, ṣé kò sí o.

Ọ̀rọ̀ fídíò yìgì wa ni mo fi ń kọ̀wé. O gbé ẹ̀rọ ayàwòrán olójú méjì yẹn sáàárín, àwa obìnrin lápá kan, àwọn ọkùnrin lápá kejì, o ní ó ń rí iwájú, ó ń rí ẹ̀yìn, àti pé iṣẹ́ rẹ ni láti ṣe ohun tí èèyàn máa fi wò ó lórí fóònù. Mo gbà ọ́ gbọ́. Àfi bí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Àǹtí Mọ̀dínátù, tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó wá nígbà yẹn, ṣe dé láti Ògbómọ̀ṣọ́ lánàá, tó ní òun kò ní pè mí ní ìyàwó wọn àfi tí òun bá fojú ara òun rí ibi tí àbúrò òun ti gbà mí.

Mo ṣí fídíò. Èmi rèé, ìwọ rèé, àwọn ìyá àdúgbò rèé, ohùn lèmọ́mù ń jáde, kò sí lèmọ́mù, kò sí ọkọ. Àǹtí ní ibo ni wọ́n ti ń so yìgì láìsí ọkọ, àbí ó ń bọ̀ lẹ́yìn ni. Mo ronú pé nígbà tó jẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ ni àwọn ọkùnrin jókòó sí, ẹ̀yìn fóònù ni wọn yóò wà, ni mo bá yí i padà, mo yọ ike ara rẹ̀, mo nù ún dáadáa. Bàbá Wàsíù gbé àga lọ sí ẹ̀yìn mi, ó ní bóyá ibi tí òun jókòó sí lọ́jọ́ náà ló yẹ kí òun wà.

Epo àkàrà ọwọ́ mi ló kó wa yọ. Ó kán sójú fóònù, mo fi ìka nù ún sápá kan, ni ògiri inú fídíò bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, lèmọ́mù yọ, ọkọ mi yọ. Hamdalah, èmi tí mo dorí kodò lọ́jọ́ náà, èmi ló ń wò láti òdìkejì, ó sì ń fi apá agbádá nu ojú kó tó sọ pé òun gbà. Àǹtí ní, ìyàwó wa, tún un nù.

Lọ́la Àǹtí ń mú fídíò náà lọ han àwọn ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì dájú pé wọn yóò ní epo lọ́wọ́. Jọ̀ọ́, ya ìka kan síbẹ̀ tí yóò fi han èèyàn pé kó fà á, sì fi àmì kan sí i tí a lè tẹ̀ kó dá wa padà sọ́dọ̀ lèmọ́mù, torí nígbà tí Bàbá Wàsíù gbà á, àjà ló ń wò fún ìdajì wákàtí. Fi owó dátà díẹ̀ ránṣẹ́, a ti wò ó lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́wọ́ mi, má jẹ̀ẹ́ kó máa ti ọ̀dọ̀ ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ jàre. Jẹ́ kí n máa fọwọ́ ara mi yí i kàn án.

Ìwọ náà yóò yí ojú lọ́jọ́ kan, wàá sì bá ẹni tó ti ń wò ọ́ níbẹ̀, láṣẹ Ọlọ́run.

Èmi ìyá rẹ, ìyàwó tuntun.