Omi Àlùwàlá Bàbá

Teslim,

Mo ti lọ síbi iṣẹ́. Ìrẹsì wà nínú kúlà. Gbé ọbẹ̀ kaná kó tó kan. Ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ yìí.

Má gbé omi àlùwàlá lọ bá Bàbá lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́.

Oorun gbé mi lọ láàárọ̀ yìí, n ò gbọ́ nígbà tí wọ́n pe ìrun. Ariwo omi ẹ̀rọ ló jí mi. Mo sáré dé ẹ̀yìnkùlé, Bàbá ni mo bá níbẹ̀! Wọ́n fi ọwọ́ kan di ògiri mú, wọ́n ń fi èkejì ṣan ẹsẹ̀. Mo ní kí n ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ṣé mo ti kú ni?"

Ṣebí nọ́ọ̀sì ti sọ ọ́, pé ìrìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ló ń fún ẹsẹ̀ àgbà lágbára tí kì í fi í ṣubú. Àwa ní à ń tọ́jú Bàbá. A gbé omi, a gbé oúnjẹ, bàtà pàápàá a bá wọn wọ̀ ọ́. Ìtọ́jú yẹn ló ká wọn mọ́ orí bẹ́ẹ̀dì.

Nu ìdí ẹ̀rọ kó gbẹ, kó má baà yọ̀ wọ́n. Dúró sí tòsí, má dì wọ́n mú. Táwọn ará ilé bá ní o ò lẹ́kọ̀ọ́, jẹ́ kí wọ́n sọ.

Tí Bàbá bá pè ẹ́ pé kí o gbé omi wá, dáhùn pé "Sà!", kí o sì jókòó síbi tí o wà.

Àǹtí ẹ, Shakirat