Fìlà Don Fadrique

Erékùṣù Lanzarote, ọjọ́ Àìkú

Doña Leocadia mi ọ̀wọ́n,

Ara Don Fadrique ọkọ yín le. Ikọ́ yẹn ṣì wà, àmọ́ afẹ́fẹ́ òkun ń ṣe é lóore, bí mo ṣe rò.

Mo jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ rán mi. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ tó sọ nílé aṣòfin, pé kí ìjọba má yìnbọn pa àwọn ọmọ ogun tó ṣọ̀tẹ̀, kó lè kúrò nígbèkùn yìí. Ó gbà nítorí yín. Inú mi dùn débi pé èmi fúnra mi ni mo gbọn eruku fìlà rẹ̀.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ Gómìnà erékùṣù yìí, ó ní, "Ọ̀gágun, ẹ kọ́kọ́ ṣí fìlà ná."

Ọkọ yín rẹ́rìn-ín. "Àṣẹ wà fún ìdílé wa pé a kì í ṣí fìlà níwájú Ọba pàápàá. Àbí ìwọ ju Ọba lọ ni?"

"Ọba ò sí níbí. Èmi ni mo ni ọkọ̀ òkun tó ń padà lọ sí èbúté Cádiz."

"Ó dáa, máa wọ̀ ọ́ lọ."

Mo fà á láṣọ. "Ọ̀gá mi, ẹ ro ti ìyàwó yín."

"Fadá, ṣé àwọn tí wọ́n yìnbọn pa ò níyàwó ni?"

Bóyá àlùfáà tó gbọ́n jù mí lọ ì bá rí èsì fún un.

Ọkọ̀ ti lọ. Ẹ má sunkún. Yàrá wa ní fèrèsé, ẹja sì pọ̀.

Ó ní kí n kí yín, kí n kí àwọn ọmọ, kí ẹ sì fún Eutiquio darandaran ní ẹ̀wù òtútù òun, torí ibi tí òun wà kì í tutù.

Èmi tí ẹ rán níṣẹ́,
Fadá Tarsicio