Ọ̀rọ̀ Tí Ẹ Kọ Nígbà Tí A Jà

Ọkọ mi,

Mo kí ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n tó gbà yín sílé. Ara ìyá yín ti ń yá, àmọ́ wọ́n ṣì ń dọ́gbọ́n tu oògùn dànù.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni àwọn ará ẹ́ńbásì máa fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò fún físà tí màá fi wá bá yín lókè òkun. Wọ́n ní kí n tẹ ọ̀rọ̀ tí a ń kọ síra wa lórí fóònù jáde, kó lè jẹ́ ẹ̀rí pé tọkọtaya ni wá lóòótọ́. Nígbà tí atẹ̀wé dé ibi tí ẹ ti ní ẹ kábàámọ̀ pé ẹ fẹ́ mi, ó ní, "Àǹtí, ṣé ká fo èyí?"

Bí mo bá yọ ọ́, déètì á fò, wọ́n á fura. Bí mo bá fi í sílẹ̀, wọ́n á bi mí bóyá ẹ ṣì fẹ́ mi. Mi ò tíì gbóyà bi yín rí.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n tó bi mí, èmi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá lóhùn.

Ìyàwó yín