Omi Tí A Rọ Sínú Táǹkì fún Àlejò

                                        Ṣọ́ọ̀bù Télọ̀,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìwòsàn.
                                        Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta.

Adúmáadán, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o sùn? Ìbá wù mí kí lẹ́tà yìí parí sí ìkíni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àbúrò mi, Ẹlẹ́rìn-ín, ti kú. Ó bímọ tán ní ilé-ìwòsàn, ibà mú un, kò dìde mọ́. Ọmọ yè.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí àwọn awakùsà ti dé, omi odò wa pọ́n bí irin tó dógùn-ún. Àwọn òyìnbó aláàánú wá ṣe ẹ̀rọ omi sí ilé-ìwòsàn, wọ́n kọ orúkọ ìlú wọn gàdàgbà sára táǹkì. Ìlú yẹn náà ló ń ra òkúta tí wọ́n ń wà lábẹ́ ilẹ̀ wa. Kò pé ọdún tí rọ́bà kan fi já nínú ẹ̀rọ náà. Mo béèrè iye rẹ̀: kò tó owó táyà kan lára ọkọ̀ tuntun tí ìjọba rà fún àwọn ṣọ́jà tó ń ṣọ́ kòtò kùsà. Ìjọba ní kò sówó láti rà á.

Ìgbà tí àwọn aláàánú ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ wọn, Ìyá mi ní ìtìjú ni kí àlejò bá ìkòkò gbígbẹ nílé ẹni. Bí àwọn obìnrin ṣe ru omi láti ìsun òkè nìyẹn, tí wọ́n rọ ọ́ sínú táǹkì. Ẹlẹ́rìn-ín ló ṣáájú wọn, tòun ti oyún. Mo ní, "Ṣé ìwọ lo wá di ẹ̀rọ omi ni?" Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, tèmi ò ní rọ́bà tó ń já." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Àlejò ṣí ẹnu ẹ̀rọ, omi tú yàà, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ya fọ́tò. Wọ́n ní iṣẹ́ ti yanjú, owó tó kù á lọ síbòmíràn. Ta ni yóò ráhùn lójú ẹni tó fún un lẹ́bùn?

Lọ́jọ́ tí Ẹlẹ́rìn-ín rọbí, táǹkì ti gbẹ. Mo sáré tọ àwọn ṣọ́jà lọ, mo tọrọ kẹ́ẹ̀gì omi kan. Ọkọ̀ ni wọ́n ń fọ̀. Wọ́n ní, "Télọ̀, omi ìjọba nìyí o." Omi odò ni agbẹ̀bí fi fọwọ́. Ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Ẹlẹ́rìn-ín ló san tiwa.

Mi ò kọ ọrẹ o. Ṣùgbọ́n bí mo bá fa ẹ̀wù oníbàárà mi ya, tí mo wá fi àgékù aṣọ kan ta á lọ́rẹ, ṣé ó yẹ kó dúpẹ́?

Wọ́n tún ti ránṣẹ́ pé wọ́n ń bọ̀. Àwọn obìnrin gbé garawa wọn wá bá Ìyá lánàá. Ìyá kò sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó pọn ọmọ náà, ó mú garawa Ẹlẹ́rìn-ín, ó dojú rẹ̀ délẹ̀, ó sì jókòó lé e, ó ní:

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n bá wa bí a ṣe wà."

Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Fẹ̀sọ̀ sọ fún ìyá rẹ. Ó fẹ́ràn Ẹlẹ́rìn-ín púpọ̀.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ̀rín ti tán nílé rẹ̀,

Àgékù, télọ̀ yín.