Ọdún Kẹta Manorama, Ẹni Tí Kò Fi Wàrà Dáná

Ọdún mẹ́ta rèé tí ẹ lọ, Ìyá wa. Ọdún mẹ́ta gbáko, ààrò yín kò sì tutù lọ́jọ́ kan!

Ẹ gbọ́ ìròyìn ilé. Ketaki, tó wà níkùn mi nígbà tí ẹ kú, ti ń sáré káàkiri àgbàlá, ó sì fi ojú jọ yín gẹ́lẹ́. Dattaram ọmọ yín ti fi páànù tuntun bo ilé ìdáná, òjò kì í jo sínú ẹ̀wà mọ́. Igi máńgòrò ẹ̀yìn kànga wó lọ́dún tó kọjá. Èmi Surekha, ìyàwó ọmọ yín, ni mo ń jókòó báyìí lórí àpótí ọbẹ tí ẹ fi ń ha àgbọn. Mò ń ha á bí ẹ ṣe kọ́ mi, n kì í ha dé ibi tó dúdú. Bí ewé kari bá ti ta nínú òróró gbígbóná, gbogbo ilé á kọjú sí ilé ìdáná. Kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tó ni òórùn yẹn.

Wàrà kò wọ ìkòkò yín mọ́ láti ọjọ́ tí ẹ ti rí ohun tí aládùúgbò ṣe fún màlúù rẹ̀. Ọmọ màlúù náà kú, ìyá rẹ̀ kò sì jẹ́ kí wàrà jáde mọ́. Wọ́n bó awọ ọmọ náà, wọ́n ki koríko gbígbẹ sí i nínú, wọ́n gbé e dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ìyá ń fi ahọ́n lá koríko, wọ́n ń fún wàrà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ délé lọ́jọ́ náà, ẹ da gbogbo wàrà tó wà nílé sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bàbá, ọkọ yín, bínú nítorí tíì rẹ̀. Oje àgbọn lẹ fún sí i, Bàbá sì fi ìbínú mu ún fún ọdún pípẹ́.

Ìyá wa, ẹ forí jì wá fún ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún kìíní!

Ẹ mọ òfin ọjọ́ náà. A kì í tọ́ oúnjẹ òkú wò, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ jẹun nílé títí kannakánná yóò fi wá ṣá a jẹ lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, nítorí ẹnu rẹ̀ ni òkú fi ń jẹun. Àlùfáà ní wàrà màlúù ni a gbọ́dọ̀ fi se ìrẹsì dídùn ọjọ́ náà. Mo ní ẹ kò ní jẹ ẹ́. Dattaram ní kí n dákẹ́, pé àwọn ará ìlú Vengurla yóò ní ìyá òun ni òun ń ṣahun sí, pé òkú kò kúkú mọ iye tí wọ́n ra agọ̀. Wàrà ni wọ́n fi sè é.

Oòrùn kanrí, ẹyẹ kò wá. Àwọn kannakánná bà sórí ògiri, wọ́n wo ewé yín, wọ́n fò lọ. Ebi ń pa àwọn àlejò. Ni àlùfáà bá ní ọ̀nà àbáyọ wà. Ó já koríko mímọ́, ó so ó títí ó fi ní apá àti ìrù, ó ní òun yóò fi kannakánná koríko yìí kan oúnjẹ náà, a ó sì gbà pé ẹ ti jẹ.

Bàbá dìde. Bàbá yìí kan náà tó bá yín jà nítorí wàrà! Ó gba koríko náà lọ́wọ́ àlùfáà.

"Koríko ni wọ́n fi tan màlúù yẹn jẹ," ó ní. "Wọn ò ní fi koríko tan Manorama jẹ lójú mi. Surekha, lọ fún àgbọn."

Mo sáré fi oje àgbọn se ìrẹsì mìíràn. Ṣùgbọ́n kí n tó gbé e jáde, ilẹ̀ ti ń ṣú, àwọn ẹyẹ ti wọ̀ sórí igi. Àwọn àlejò bá tiwọn lọ, Dattaram jẹun ní kọ̀rọ̀. Bàbá kò jẹ. Ó ní bí ẹ kò bá jẹ, òun kò jẹ. Àárọ̀ ọjọ́ kejì la bá a nílẹ̀, apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ti kú. Láti ìgbà náà, orúkọ yín nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́dún kejì, òjò kò jẹ́ kí ẹyẹ kankan fò. Àgbàrá gbé ewé náà lọ.

Ohun kan wà tó ń dùn mí tí n kò sọ fún yín láyé. N kò rí i kí ẹ jẹ oúnjẹ gbígbóná rí nílé yìí. Bàbá á jẹ, Dattaram á jẹ, àlejò á jẹ, èmi náà á jẹ nítorí ẹ ní ebi kò gbọdọ̀ pa aláboyún. Ẹ̀yin á wá fi ìka nu ìdí ìkòkò. Ìgbà tí ẹ kú tán la tó ní kí ẹ kọ́kọ́ jẹ!

Òní ló pé ọdún mẹ́ta. Oòrùn ràn. Dattaram fúnra rẹ̀ ló gun igi àgbọn láàárọ̀, kò sì sí ẹni tó dárúkọ wàrà. A ti gbé àga Bàbá sí àgbàlá, ó jókòó ti ewé yín. Mo na ṣíbí omi sí i lẹ́nu, ó yíjú. Kannakánná kan wà lórí ògiri.

A kò gbàgbé yín, Ìyá wa. A fẹ́ràn yín, àárò yín ń sọ wá. Ọkọ yín tí kì í lè dúró de oúnjẹ ti ń dúró dè yín láti òwúrọ̀. Ẹ tètè wá. Ó ṣì gbóná.