Fèrèsé tí Mo Fi Àmì Sí ní Hastings

Ojúlé Kejìlá,
Abraham Adésànyà Estate,
Ajah, Ìpínlẹ̀ Èkó.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kejì, ọdún 2016.

Lérè, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú ọjọ́ mẹ́ta, mo sì kí ọ kú òtútù ìlú òyìnbó. Ṣé orúnkún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ti ń gbé ọ dé ìta? Modúpẹ́ ìyàwó rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà láàyè. Eruku ọ̀nà márosẹ̀ kò jẹ́ kí a gbádùn ọyẹ́, ṣùgbọ́n ara mi yá ju bí ó ti rí nígbà Kérésì lọ. Ohun tó mú un yá ni mo fẹ́ sọ. Jọ̀wọ́, fi sùúrù kà á dé òpin.

Ọmọ-ọmọ mi Ṣèyílọ́lá, tó ń kàwé ní ìlú òyìnbó, lọ sí Hastings lóṣù tó kọjá láti wo ibi tí èmi àti ìwọ gbé nígbà ọ̀dọ́ wa. Ó mú fọ́tò káàdì kan dání, èyí tí mo fi ránṣẹ́ sí bàbá mi lọ́dún 1964. Ìwọ kò mọ̀ nípa káàdì yẹn. Àwòrán Pelham Crescent ló wà lára rẹ̀, àwọn ilé funfun tó tẹ̀ bí oṣù tuntun níwájú òkun. Mo fi bíró fa àmì X sórí fèrèsé kan, mo sì kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé, "Yàrá mi nìyí."

O mọ ibi tí yàrá wa wà. Abẹ́ ilẹ̀ ni, lẹ́yìn All Saints Street, níbi tí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn ilé onígi àtijọ́ ti yọ síta bí ikùn olówó, tí omi ń sun lára ògiri, tí òórùn ẹja sì ń bá wa sùn. Ojú tì mí láti sọ fún bàbá mi, tí í ṣe apẹja, pé àárín àwọn apẹja ni mo ń gbé. Ìwọ kọ òótọ́ sílé ní tìrẹ. Káàdì mi àti lẹ́tà rẹ pàdé ní Ajah, ni àwọn èèyàn bá ń fi bàbá rẹ ṣe yẹ̀yẹ́ létí ọ̀sà pé ọmọ wọn la òkun kọjá lọ sùn sábẹ́ ilẹ̀.

Èyí tó burú jù ló kù. Bàbá rẹ ní kí tíṣà bá wọn kọ̀wé sí mi, kí n sọ ìdí tí ibùgbé rẹ kò fi dà bíi tèmi. Dípò kí n jẹ́wọ́, mo dáhùn pé ìwọ lo yan ibẹ̀, pé ẹgbẹ́ búburú ló fà ọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí wọn kò fi kọ̀wé tàbí fi owó ránṣẹ́ sí ọ mọ́, tí o fi fi ẹ̀kọ́ rẹ sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bàtà, tí o kò sì wá sin wọ́n nígbà tí wọ́n kú. O rò pé wọ́n kọ̀ ọ́ ni. Èmi ni, Lérè. Wọ́n ní ogún ọdún ni irọ́ ń sáré kí òtítọ́ tó lé e bá. Tèmi sáré fún ọdún méjìléláàádọ́ta.

Ṣèyílọ́lá dúró níwájú àwọn ilé funfun náà, ó pè mí. "Bàbá àgbà, mo ti dé ilé yín o. Fèrèsé kẹta ni àbí ìkẹrin?" Mo ti la ẹnu láti sọ pé ìkẹta. N kò mọ ohun tó dá mi dúró. Mo ní kó fi ilé náà sílẹ̀, kó máa rìn lọ sí ìhà ìlà-oòrùn títí yóò fi rí àwọn ilé pákó dúdú, kó wá béèrè All Saints Street. Nígbà tó débẹ̀, ó ní àwọn àlejò ń ya fọ́tò àwọn ilé onígi náà. Wọn kò wó wọn o. Ibi tí mo fi pamọ́ fún bàbá mi ni àwọn èèyàn ń wọkọ̀ wá wò.

Lọ́jọ́ kejì mo wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ bá àbúrò rẹ Sìmbíátù ní agbo ilé yín, mo sì rò ó fún un láìfi ọ̀kan pamọ́.

"Bùrọ̀dá Dúrójayé," ó ní, "ẹja ni bàbá tiyín pa títí wọ́n fi kú. Ta lẹ wá ń fi òórùn ẹja pamọ́ fún?"

Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó wo fọ́tò tí Ṣèyílọ́lá fi ránṣẹ́, àwọn ilé pákó gíga tí àwọn apẹja ń kó àwọ̀n sí létí òkun. "Gbogbo gíga yìí, àwọ̀n lásán ló ń gbé inú ẹ̀? Èmi àti ọmọ márùn-ún wà ní yàrá méjì." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún mọ́ ọn lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ó pe àwọn ará ilé jọ, ó ní kí n tún un sọ lójú wọn. Ìdúró ni mo dúró sọ ọ́. Mo rò pé yóò lé mi jáde, oúnjẹ ló gbé ka iwájú mi. Láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ti ń dùn lẹ́nu mi, tí oorun sì ń kùn mí.

Mo lè fi fóònù sọ ọ́ fún ọ, ṣùgbọ́n bíró ni mo fi bà ọ́ jẹ́, bíró ló yẹ kí n fi jẹ́wọ́. Sìmbíátù ní kí n kọ ọ̀rọ̀ òun bí òun ṣe sọ ọ́: "Ẹ sọ fún bùrọ̀dá mi pé bàbá ò kọ̀ wọ́n. Gbogbo ìgbà tí tíṣà bá ń kọjá ni bàbá ń bi í bóyá ìwé dé láti Hastings. Ojú ló ń tì wọ́n láti kọ́kọ́ kọ."

Bá mi kí Modúpẹ́ àti àwọn ọmọ. Pe Sìmbíátù kí o tó ronú nípa tèmi. Bí o bá fẹ́ wá wo ibojì bàbá rẹ, yóò bá ọ lọ. Ó ní bí o kò bá fẹ́ rí mi níbẹ̀, kí n jókòó sílé, mo sì ti gbà.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó jẹ̀bi,
Dúrójayé.