Irin Tí A Gbé Lọ sí Ìdí Àpáta Rẹ

Aláǹgbá, àbúrò mi, ọdún mẹ́fà rèé tí o ti dákẹ́. Ọdún mẹ́fà, ó ṣì dà bí àná. Láti kékeré tí o ti ń gun ògiri ilé la ti sọ ọ́ lórúkọ yẹn, òun náà la ṣì fi ń pè ọ́.

Ọmọ rẹ obìnrin ti ga jù mí lọ. Ìyàwó rẹ ò jẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù jórinjórin rẹ tì. Àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ méjèèjì ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ṣì ń jà lórí ta ló gbé òòlù síbi tí kò yẹ. Ilé tí o bẹ̀rẹ̀, a ti kan páànù sí i lórí. Yàrá iwájú tí o ní ó máa jẹ́ tèmi, ibẹ̀ náà ni mo ń sùn tí mo bá wá.

Ẹ̀rù àpáta tí o máa ń gùn yẹn bà wá lọ́jọ́ ayé rẹ. Bí o bá ti ká okùn sínú àpò lọ́jọ́ Sátidé, màmá wa á bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ó di ìgbà tí o bá wọlé. Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni ibà ti mú ọ lọ. Àpáta ò ṣe ọ́ ní nǹkan kan.

Lọ́dún yìí, a ní ká ṣe ohun tí inú rẹ á dùn sí. Àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ gé irin pẹlẹbẹ kan, wọ́n fi iná jó orúkọ rẹ sí i, wọ́n kùn ún lọ́dà dúdú. A fẹ́ kàn án mọ́ àpáta náà, kí ẹni tó bá débẹ̀ mọ̀ ọ́. Màmá wa dúró sílé, àwa yòókù gbéra lọ sí ọgbà ìjọba tó wà lórí òkè, níbi tí àpáta náà wà. Tíṣà, ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ máa ń so mọ́ okùn kan, ló ṣáájú wa. Kí n tó débẹ̀, orúnkún mi ti ń sunkún.

Bí a ṣe yọ irin náà jáde, ojú Tíṣà yí padà. Ó rọra ṣàlàyé fún wa pé níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í kan irin mọ́ àpáta. Ẹni tó bá ṣáájú á máa ki àwọn irin kéékèèké bọ inú pàlàpálá òkúta, á fi okùn rẹ̀ kọ́ wọn, kí wọ́n lè gbà á dúró bó bá já bọ́. Ẹni tó bá tẹ̀lé e á sì máa yọ wọ́n bó ṣe ń gòkè bọ̀, kò gbọdọ̀ ku ẹyọ kan. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń gun àpáta kì í sì í fipá la ẹnu rẹ̀. Ó ní ìwọ lo le jù nínú yín lórí òfin yìí. Ó ní ọkùnrin kan gbé ẹ̀rọ ìlu-òkúta wá lọ́jọ́ kan, o ò sì jẹ́ kó rímú mí títí ó fi di ẹrù rẹ̀ lọ.

Ìwọ tó ń fi irin jẹun! Àwa ẹbí rẹ ò mọ̀. Bí o bá ti dá ọ̀rọ̀ àpáta sílẹ̀ nílé, ńṣe la máa ń ní kó o jẹ́ ká gbọ́ràn. Ó dùn mí wọra.

Ìyàwó rẹ fi aṣọ wé irin náà padà. Ọmọ rẹ wá ní òun fẹ́ tẹ̀lé Tíṣà gòkè. Ìyàwó rẹ wò mí, mo wò ó, kò sẹ́ni tó lè ní rárá. Bàtà ìgunpáta rẹ tó mú wá láti ilé ló wọ̀, ó bá a mu wẹ́kú. Ó yọ àwọn irin kéékèèké tí Tíṣà kì bọ inú òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń so wọ́n mọ́dìí, wọ́n ń dún woroworo. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, mo fọwọ́ pa àpáta náà. Kò sí àmì pé o débẹ̀ rí.

Àbúrò mi, àárò rẹ ń sọ wá. A nífẹ̀ẹ́ rẹ, ìfẹ́ náà ò dín. Ó kàn ń dùn mí pé ẹnu Tíṣà ni mo ti wá mọ ọmọ ìyá mi.